Baba Ni Jígí, Ṣùgbọ́n Jígí Kò Sí Nílé

Nígbà tí baba ẹni kan bá kú, tí ẹbí àti ará pé jọ, kì í pẹ́ kí gbólóhùn kan tó jáde láti ẹnu àwọn tó wá kẹ́dùn: ìyá ni wúrà, baba ni jígí, ọjọ́ tí ìyá bá kú ni wúrà bàjẹ́, ọjọ́ tí baba bá kú ni jígí wọmi. Àwọn baba fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí nítorí iyì tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ni iṣẹ́ tí òwe náà là sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi jígí wo ojú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Jígí tó wà ní òdì-kejì ìlú láti ìdájí títí di òru kò lè fi ojú ọmọ han ọmọ, bó ti wù kó mọ́ tó.

Bí nǹkan ti rí nìyí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá lónìí, pàápàá jùlọ ní Èkó àti ní àwọn ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá a pààlà. Baba tó ń gbé ní Mowé, Ìbàfó, Sango-Ọ̀tà tàbí Ìkòròdú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ní láti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tó bá fi máa padà dé, ọmọ ti sùn. Láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tó ń sùn ni baba ń rí. Ìró géètì nìkan ni ọmọ ń gbọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, ayẹyẹ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú gbà á. Ọjọ́ Àìkú dé, ilé ìjọsìn gba àárọ̀, oorun àsanpadà gba ìrọ̀lẹ́. Báyìí ni ọdún kan ṣe ń yí lu òmíràn, títí ọmọ tí a gbé jó lọ́jọ́ ìkómọ yóò fi di ẹni tí ohùn rẹ̀ ti kẹ̀, tí baba kò sì lè sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Àyè tí baba fi sílẹ̀ kì í ṣófo lásán. Ohun kan máa ń wọ inú rẹ̀. Ìyá tí ìwà ọmọ ti sú láti òwúrọ̀ á ní, “Jẹ́ kí bàbá ẹ dé ná!” Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti sọ baba di pàṣán tí a fi kọ́ ara ògiri. Ẹni tí ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wá di ẹni tó jẹ́ pé ìyà ló máa ń bá a wọlé. Bí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ á pa tẹlifíṣọ̀n, oníkálukú á gba yàrá lọ, ilé á pa lọ́lọ́. Àwọn ọkùnrin kan wà tí inú wọn máa ń dùn sí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Wọ́n ní àpẹẹrẹ ilé tó ní olórí nìyẹn. Wọ́n fi ìbẹ̀rù pe ọ̀wọ̀. Ọmọ tó ń sá fún baba rẹ̀ nígbà tó fọ́ ife kò ní wá bá a nígbà tó bá kó sínú ìyọnu tó ju ife lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ta oògùn olóró, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì ti máa ń dúró de ọmọ tí kò rí ẹni fọ̀rọ̀ lọ̀.

Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà Yorùbá ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: kí baba wá oúnjẹ, kí ìyá tọ́ ọmọ. Àlàyé yìí kò dúró níwájú ohun tí àwọn bàbá ńlá wa ṣe. Baba ayé àtijọ́ lè máà jẹ́ ẹni tó ń bá ọmọ ṣeré, ó sì lè le ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í jìnnà. Ọmọkùnrin a máa tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sóko, ojú ọ̀nà oko ni yóò ti mọ orúkọ ewé, tí yóò ti gbọ́ ìtàn ẹni tó ni ilẹ̀ yìí àti ìdí tí ìdílé kan kì í fi í jẹ ohun kan. Ní ilé àgbẹ̀dẹ, ọmọ a máa fín ẹwìrì fún baba rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí apá rẹ̀ tó ká òòlù. Ní ìdílé Àyàn, etí ọmọ ti kún fún ọ̀rọ̀ ìlù kó tó di pé wọ́n gbé ìlù kọ́ ọ lọ́rùn. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, inú ìdílé tó ti ń gbẹ́ ère láti ìran dé ìran ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà tó kú ní ọdún 2009, ti jáde wá. Ọmọbìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́, a máa kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀ ní òwúrọ̀, baba a sì fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn.

Kò sí ẹni tó ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ní ayé ìgbà náà, nítorí pé iṣẹ́ gan-an ni àkókò ọmọ. Lẹ́yìn èyí, agbo ilé wà. Bí ogun tàbí òwò bá gbé baba kan lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti baba àgbà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n lè pe ọmọ jókòó. Nígbà tí iṣẹ́ kó kúrò nílé lọ sí ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́ ńlá, tí ẹ̀kọ́ kó lọ sí ilé-ìwé, tí ìdílé sì kó kúrò nínú agbo ilé lọ sí fúlátì oníyàrá méjì, ohun méjì ló bọ́ sọnù lẹ́ẹ̀kan náà: wákàtí tí baba fi ń wà pẹ̀lú ọmọ, àti àwọn ọkùnrin mìíràn tó lè dúró fún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kí a padà sí ayé ẹwìrì àti agbo ilé. Ilé-ìwé àti iṣẹ́ oṣù ní èrè tiwọn. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé a jẹ́ kí àwọn wákàtí náà lọ, a kò sì wá ohun tí yóò rọ́pò wọn. Ẹni tó wá ń pe àìsínílé baba ní àṣà, àdánù tí kò tíì pẹ́ ló sọ di ogún ìṣẹ̀dálẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ń kó lára baba, ẹ̀rí wà nínú ìwé. Ní ọdún 1981, ọdún márùn-ún kí Wọlé Ṣóyínká tó gba ẹ̀bùn Nobel, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, ní Abẹ́òkúta. Baba rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, ni ọ̀gá ilé-ìwé St Peter's, inú ọgbà ìjọ Aké sì ni ilé wọn wà. Iṣẹ́ baba àti ilé baba kò jìnnà síra. Nínú lẹ́tà méjì tó ṣáájú orúkọ rẹ̀, S.A., ni ọmọ ti mú orúkọ tó fi ń pè é, Essay. Ohun tó hàn jùlọ nípa baba yìí nínú ìwé náà ni bó ṣe ń tọ́jú òdòdó rẹ̀, bó ṣe ń wà nídìí ìwé, àti bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí ọmọdé kan sì ń tẹ́tí gbọ́ wọn. Ní ọdún 1989, ó tún kọ ìwé Ìsarà nípa baba kan náà, lẹ́yìn tó ṣí àpótí tí ìwé àti lẹ́tà baba wà nínú rẹ̀. Owó ilé-ìwé tí baba san kọ́ ló gba ojú ìwé wọ̀nyẹn. Ìṣe ojoojúmọ́ baba ni, èyí tí baba fúnra rẹ̀ lè máà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò.

Níbí ni ìtumọ̀ jígí ti jinlẹ̀. Jígí kì í yan ohun tí yóò fi hàn. Bí baba ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀ nígbà tí owó oúnjẹ kò tó, ọmọ ń wò ó. Ohun tó sọ sí awakọ̀ dánfó tó já wọ iwájú rẹ̀, ọmọ gbọ́ ọ. Bó ṣe dá ṣéńjì tó lé padà fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ọmọ rí i. Ẹ̀kọ́ ilé tí à ń wàásù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ojú ni ọmọ fi ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Baba tí kò sí níbẹ̀ kò lè fi rere hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wò dípò òun.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti àwọn baba pẹ̀lú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin òru kò kórìíra ọmọ rẹ̀; nítorí ọmọ náà ló ṣe ń jí. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo bẹntiróò kan tí kò tó 200 náírà ní Èkó fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì gbéra tẹ̀lé e. Owó oṣù tó kéré jùlọ tí òfin fọwọ́ sí di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó ń san owó ilé, owó ilé-ìwé àti owó ọkọ̀ nínú rẹ̀, kò ní ṣe kó má wá iṣẹ́ kejì. Ìwà ìkà ni kí a máa fi ẹ̀sùn ìfẹ́ kan irú baba bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ọ̀wọ́n gógó kò lè bá ẹnikẹ́ni dáhùn: kí ni à ń fi wákàtí tó kù ṣe? Ọ̀pọ̀ baba tí iṣẹ́ kò fún ní àyè láti bá ọmọ jẹun rí àyè fún ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òmíràn wà nínú pálọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Ọmọ gbé àwòrán tó yà wá: “Dádì, ẹ wò ó.” Baba dáhùn pé òun ti rí i, láìgbé ojú sókè. Ọmọ mọ̀ pé kò rí i. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra, kò ní gbé àwòrán wá mọ́. Tó bá sì di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, baba á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ọmọ yìí kì í bá òun sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọmọ ń fẹ́ kò pọ̀ rárá. Baba tó bá wẹ ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò rí ojú ọgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì béèrè ibi tó ti rí i. Baba tó bá jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá lè ṣàkíyèsí pé ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo kò rí ojú pátákó ìkọ̀wé dáadáa ni. Baba tó bá bá ọmọ jẹun ni yóò gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ tuntun. Ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní aago méje alẹ́, tí kì í ṣe òun ló ń wakọ̀, lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pe ilé kí ọmọ tó sùn, kó bi í ní ohun tó ju “ṣé o ti jẹun?” lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó má fi ìpè mọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó nìkan. Pípe ọmọ ní Àjàní, Àkànbí, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ ní ìdájí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí ọmọ sì máa ń wú. Bí ìbáwí bá yẹ, àwọn àgbà ti sọ bó ṣe yẹ kó rí: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Baba tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ló máa ń mú wálé ti fi ìdajì ìmọ̀ràn náà sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ baba nìkan. Ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ ní ipa tiwọn, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sì ti wáyé. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kéré nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin Iṣẹ́ fún obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀; kò dárúkọ baba. Baba tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni wà lábẹ́ àánú ọ̀gá rẹ̀, mẹkáníìkì àti awakọ̀ sì wà lábẹ́ àánú àpò ara wọn.

Òfin nìkan kò sì tó bí ojú tí à ń fi wo ọkùnrin kò bá yí padà. Ilẹ̀ Swídìn kọ́ wa ní èyí. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti gbà kí baba àti ìyá pín ìsinmi ìtọ́jú ọmọ láàárín ara wọn, síbẹ̀ ó pẹ́ tó jẹ́ pé àwọn ìyá ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n tó ya oṣù kan sọ́tọ̀ fún òbí kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé bí baba kò bá lo tirẹ̀, ó ti sọnù nìyẹn. Ìgbà yẹn ni àwọn baba bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ọmọ ní ti gidi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó bá gba ìsinmi baba ìkókó lè di ẹni ẹ̀rín ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní ṣé òun ló bímọ ni. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ gba ìsinmi náà fúnra rẹ̀ yóò ṣe ju ìwé àṣẹ mẹ́wàá lọ.

Ojú ọ̀nà pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kà á mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Marina dé Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ti Red Line láti Agbádó dé Oyíngbò tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Bí a bá ń ṣe ìṣirò èrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó àti epo nìkan kọ́ ló yẹ kí a kà. Wákàtí kan tí baba kò lò lójú ọ̀nà mọ́ lè jẹ́ wákàtí tí yóò bá ọmọ rẹ̀ lójúfò.

Ìdájọ́ òdodo sí ìyá tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í jókòó sílé mọ́. Ọjà, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lọ, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà ni wọ́n sì ń gbà dé. Síbẹ̀, nígbà tí baba bá bọ́ bàtà tó na ẹsẹ̀, ìgbà náà ni ìyá máa ń bọ́ sí ilé ìdáná. Bó bá jẹ́ pé owó wíwá ló dá baba sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtọ́jú ọmọ, kí ló dé tí kò dá ìyá sílẹ̀?

Èrè àìsínílé a máa pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe aláìdé. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mọ òkété náà. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé àwọn àgbà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkútà àti Òṣogbo. Ọmọ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ó fi ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ sí ìyá kó wá bá a tọ́jú ìkókó; oṣù mẹ́fà kọjá, ìyá wà lọ́hùn-ún, baba nìkan ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì lálẹ́. Bí fóònù bá dún, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ẹ rí owó tí mo fi ránṣẹ́?” Ó parí. Ọmọ yìí kò burú. Ó ń fi owó ránṣẹ́ déédéé. Ohun tí baba kọ́ ọ pé baba jẹ́ ló ń ṣe padà fún baba.

Àwọn tó ṣì ní ọmọ kékeré nílé kò tíì pẹ́ jù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, kékeré náà sì ni a ti ń dọ̀rẹ́ ọmọ. Kí owó ilé-ìwé máa jẹ́ sísan, kí a má sì kà á sí gbogbo gbèsè tí baba jẹ ọmọ. Lálẹ́ òní, baba kan yóò wọlé kí ọmọ rẹ̀ tó sùn. Kó gbé fóònù sílẹ̀, kó pe ọmọ náà ní oríkì rẹ̀, kó sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé, kó dúró gbọ́ ìdáhùn dópin.